Géèmù Mi Ń Rí Bàìbàì: Ṣé AI Ni, Àbí Mọ́nítọ̀, Àbí Ojú Mi?

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, níbi ìpàtẹ ẹ̀rọ CES ní Las Vegas, ilé-iṣẹ́ Nvidia kéde pé káàdì àwòrán (ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán géèmù) tuntun tí àwọn ń gbé bọ̀, RTX 50, ní ọgbọ́n kan nínú tó ń jẹ́ DLSS 4. Bí ẹ bá tan ọgbọ́n yìí dé òpin, nínú àwòrán mẹ́rin tó bá kọjá lójú yín, ọ̀kan péré ni géèmù fúnra rẹ̀ yà. AI ló fi òye gbé mẹ́ta yòókù kalẹ̀. Ìròyìn yìí da ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn rú. Ẹni tí géèmù rẹ̀ ti ń ṣú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wá ń sọ pé AI ló ba tòun jẹ́. Àwọn ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lórí ọ̀rọ̀ náà nìyí.

Ṣé AI ló ń mú kí géèmù mi rí bàìbàì?

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ fura sí ni iye píkísẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹyọ iná wínníwínní tó ń para pọ̀ di àwòrán. Bí iye tí kọ̀ǹpútà ń fi ránṣẹ́ kò bá bá iye tí mọ́nítọ̀ ní mu, àwòrán ò ní mọ́, ìbáà jẹ́ káàdì tó wọ́n jù láyé lẹ ń lò.

Kí wá ni DLSS yìí ń ṣe gan-an?

Mọ́nítọ̀ 4K ní píkísẹ́lì 3840 ní ìbú àti 2160 ní òró. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Bí géèmù bá ń sáré ní férémù 60, ìyẹn àwòrán 60, káàdì ní láti kun gbogbo mílíọ̀nù mẹ́jọ yẹn nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ńlá ni. Yàtọ̀ sí àwọn àwòrán tí AI ń fi kún un, DLSS tún ní kí káàdì ya àwòrán kékeré, kí òun bá a fẹ̀ ẹ́. Ní ipò Quality, àwòrán 4K yín bẹ̀rẹ̀ láti 2560×1440. Ní Performance, láti 1920×1080 ló ti bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní Ultra Performance, 1280×720 ni, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ìyókù, ẹ̀rọ ló méfò rẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹni tí mọ́nítọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1920×1080 náà ń tẹ Performance torí pé orúkọ yẹn dùn létí. Ohun tó ń sọ fún káàdì ni pé kó ya àwòrán 960×540, kó wá fẹ̀ ẹ́. Kò sí bí ewé orí igi àti irun orí èèyàn kò ṣe ní yọ́ mọ́ ara wọn. Ìmọ̀ràn mi: lórí irú mọ́nítọ̀ 1080p bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ ju Quality lọ. Lórí 4K, Performance ṣeé fara mọ́. FSR ti AMD àti XeSS ti Intel náà ń fi àwòrán kékeré ṣe ńlá, nítorí náà ìkìlọ̀ kan náà ló bá wọn wí.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé DLSS tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ rí nínú géèmù ní 2019 ṣú lóòótọ́, tí wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tó jáde ní 2020, DLSS 2.0, dára jù ú lọ fíìfíì. Àwọn tó ń bú u lónìí, òmíràn nínú wọn ṣì ń bú ti 2019.

Ẹ̀rọ àti géèmù ń ti ẹ̀bi síra wọn lọ́rùn. Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó jẹ̀bi?

Ìdánwò kan wà tí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tí àwòrán bá ń ṣe bàìbàì lójú yín, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ PrtScn. Kọ̀ǹpútà yóò ya ohun tó wà lójú rẹ̀ pamọ́ sínú fódà Screenshots tó wà nínú Pictures. Ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sórí fóònù, kẹ́ ẹ fà á gbòòrò níbẹ̀. Ẹ má fi WhatsApp ránṣẹ́ bí àwòrán lásán o, torí yóò fún un pọ̀, ẹ ó sì dá ìṣòro tuntun sílẹ̀.

Bí ó bá ṣú lórí fóònù náà, inú géèmù ni àrùn náà wà. Bí ó bá mọ́ kedere lórí fóònù, a jẹ́ pé lẹ́yìn tí àwòrán kúrò lọ́wọ́ káàdì ló tó bàjẹ́: ètò mọ́nítọ̀, wáyà àtijọ́, tàbí ojú yín. Ẹ tún wo iye píkísẹ́lì tí àwòrán náà ní. Bí mọ́nítọ̀ yín bá jẹ́ 2560×1440, tí àwòrán sì sọ pé 1920×1080 lòun, ẹ ti mú olè náà.

Mo ti mú un. Kí ló dé tí ìyẹn fi ń fa bàìbàì? Ṣebí àwòrán náà ṣì kún ojú mọ́nítọ̀?

Ó kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n nà án ni. Mọ́nítọ̀ tó ní píkísẹ́lì 2560 ní ìbú ń gba 1920. Kí ó tó lè kún, ẹyọ kan gbọ́dọ̀ di ẹyọ kan àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ wo lẹ́tà "l" dúdú lórí ojú ewé funfun. Igi rẹ̀ fẹ̀ tó píkísẹ́lì kan géérégé. Nígbà tí wọ́n bá nà án, ẹyọ kan yóò dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e ní láti gba ìdá mẹ́ta dúdú. Píkísẹ́lì ò mọ bí wọ́n ṣe ń kun ìdá mẹ́ta ara rẹ̀, nítorí náà ó di àwọ̀ eérú. Lẹ́tà tó yẹ kó ní etí mímú wá ní òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí ojú yín ń pè ní bàìbàì ni òjìji yẹn.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún máòsì lórí ojú kọ̀ǹpútà, ẹ mú Display settings, kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Display resolution sí. Èyí tí wọ́n kọ Recommended sí lára ni tiyín. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú géèmù, torí pé géèmù ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ibẹ̀ kan náà lẹ ó ti rí Render scale tàbí Resolution scale. Kó wà ní 100. Mo ti rí i ní 50 lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣàròyé pé káàdì òun kò wúlò.

Lẹ́tà inú àwọn ètò kan nìkan ló ń ṣú, géèmù kò ní nǹkan kan.

Ìyẹn yàtọ̀. Bí ẹ bá fi Scale inú Display settings sí 125% tàbí 150% kí lẹ́tà lè tóbi, àwọn ètò àtijọ́ kan kì í mọ bí wọ́n ṣe ń tóbi, Windows á wá nà wọ́n tipátipá. Ẹ lọ sórí fáìlì ètò náà, ẹ mú Properties, lẹ́yìn náà Compatibility, kẹ́ ẹ tẹ Change high DPI settings, kẹ́ ẹ wá gba Application láyè nínú ohun tó bá jáde. Bí gbogbo lẹ́tà bá rí bí ẹni ṣẹ́jú sí yín, ẹ wá ClearType nínú ibi ìwákiri Windows, yóò ní kẹ́ ẹ yan èyí tó mọ́ jù lójú yín.

Orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti ń ta géèmù.

Tẹlifíṣọ̀n rò pé fíìmù lẹ fẹ́ wò. Ó lè gé etí àwòrán kó sì fẹ àárín rẹ̀. Ẹ wá Just Scan, Screen Fit tàbí 1:1 nínú mẹ́nù rẹ̀. Ó tún lè máa dín àwọ̀ kù kó lè gba ojú wáyà kọjá: ìmọ́lẹ̀ ń dé lódindi, ṣùgbọ́n píkísẹ́lì mẹ́rin ń pín àwọ̀ kan lò. Ẹ ò ní mọ̀ nínú fíìmù. Ẹ kọ lẹ́tà pupa sórí dúdú, ẹ ó rí i bó ṣe ń wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ẹ yí orúkọ ojúhò HDMI tẹ́ ẹ lò padà sí PC, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n á fi ìwà yẹn sílẹ̀. Bí Sharpness bá sì ga, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kò lè dá ohun tí kò sí nínú àwòrán. Ìlà funfun ló ń fà yí etí nǹkan ká.

Ṣé wáyà olówó ńlá lè wò ó sàn?

Rárá. Wáyà HDMI tàbí DisplayPort tó bá bàjẹ́ máa ń ta pàrà, tàbí kí ojú ṣókùnkùn lójijì; kì í sọ àwòrán di bàìbàì. Wáyà VGA àtijọ́ nìkan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì Auto lára mọ́nítọ̀ sì sábà máa ń tún un ṣe.

Bí mo bá dúró, ó mọ́. Bí mo bá ti yí orí, gbogbo rẹ̀ á pò pọ̀.

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, torí pé ojú wa wà lára àwọn tó jẹ̀bi. Ní 60Hz, ìyẹn ìgbà 60 tí mọ́nítọ̀ ń pààrọ̀ àwòrán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ń gbé àwòrán kan dúró fún nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdì 16.7 kó tó pààrọ̀ rẹ̀. Àwòrán dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ojú yín kò dúró, ó ń tẹ̀ lé ọ̀tá tó ń sáré kọjá. Bí ọ̀tá náà bá ń rin píkísẹ́lì 960 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú yín á ti sún síwájú ní píkísẹ́lì 16 kí férémù kejì tó dé. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ya ọ̀tá náà kedere, ojú yín ló fà á gùn ní 16. Ní 120Hz, ó di 8. Ní 240Hz, 4. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi géèmù jẹun ṣe ń wá mọ́nítọ̀ tó yára.

Ẹ wo Advanced display nínú Display settings. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ 144Hz ló máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 60 títí ẹnì kan á fi yí i. Oṣù méje gbáko ni mo fi lo tèmi bẹ́ẹ̀, tí mò ń sọ fáwọn èèyàn pé mo rí ìyàtọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa Motion blur nínú géèmù. Ẹni tó ṣe géèmù ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ kó lè jọ sinimá. Bí ó bá ṣì ń fa ìrù lẹ́yìn, ẹ wo Anti-aliasing. Èyí tí wọ́n ń pè ní TAA máa ń po àwọn férémù tó ti kọjá pọ̀ mọ́ tuntun kí etí nǹkan lè dán, owó rẹ̀ lẹ ń san yẹn. Àwọn géèmù kan ò gbà kẹ́ ẹ pa á.

Ṣé káàdì mi ń kú lọ ni?

Káàdì tó ń kú kì í ṣe jẹ́jẹ́. Ẹ ó rí onígun aláwọ̀ mèremère, ìlà gbọọrọ, kí géèmù já kulẹ̀. Bàìbàì nìkan kì í ṣe àmì ikú. Ṣùgbọ́n bí ara ògiri àti aṣọ nínú géèmù bá ṣú, tí etí wọn mú, ó lè jẹ́ pé ìrántí káàdì ti kún, géèmù sì ń fi àwòrán tó fúyẹ́ rọ́pò. Ẹ rẹ Textures sílẹ̀ ní ìpele kan.

Ìkìlọ̀ kan yọ sókè pé awakọ̀ àwòrán (driver) mi ti gbó, kí n tẹ ibí láti tún un ṣe.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Mo ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì: ẹ má tẹ̀ ẹ́. Driver, ètò tó ń bá káàdì sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe káàdì ni kẹ́ ẹ ti gbà á, Nvidia, AMD tàbí Intel, tàbí láti inú Windows Update, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ yín fún un, ẹ̀yin gan-an ni géèmù tó ń ta.

Ṣé ojú mi ni kì í ṣe?

Ẹ wo lẹ́tà kéékèèké lórí ike oògùn ní ibi tí ẹ máa ń jìnnà sí mọ́nítọ̀ tó. Bí ìyẹn náà bá ṣú, ẹ lọ rí dókítà ojú, kẹ́ ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn wákàtí mẹ́ta ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó tẹjú mọ́ nǹkan kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, ojú á gbẹ, á sì máa rí bàìbàì. Ẹ dìde.

Mo ti ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ. Kò yí padà.

Ẹ fi èékánná họ igun mọ́nítọ̀ náà díẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó wá látilé-iṣẹ́ ṣì wà lójú rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ họ ọ́ ná.