Ta Ló Sanwó Ogun? Owó Àwọn Oníṣòwò Boston àti Rògbòdìyàn Shays

Ní oṣù kìíní ọdún 1787, ogun ti dé bá ìjọba Massachusetts, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, kò sì sí kọ́bọ̀ nílẹ̀ tí wọ́n máa fi jà á. Láti oṣù kẹjọ ọdún 1786 ni àwọn àgbẹ̀ apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà ti ń kóra jọ pẹ̀lú ìbọn, tí wọ́n ń ti ilé-ẹjọ́ pa. Northampton ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ni wọ́n dojú kọ nítorí ibẹ̀ ni ìwé ti ń jáde tí wọ́n fi ń gba ilẹ̀ àti màlúù onígbèsè. Láyé àwọn baba wa, ológò á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Olówó Massachusetts ní tirẹ̀ kò kúrò nílé; adájọ́ ló ń bá a sin gbèsè.

Èyí tó dùn wọ́n jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jagun tí Amẹ́ríkà fi gba òmìnira lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gágun kékeré ni Daniel Shays, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, fúnra rẹ̀ nínú ogun náà. Ìwé ìlérí ni wọ́n fún àwọn jagunjagun dípò owó, ìyà sì mú kí ọ̀pọ̀ tà á ní pọ́ọ́kú fún àwọn oníṣòwò. Nígbà tó yá, ìjọba bu owó orí lé aráàlú kí wọ́n lè fi san gbèsè inú ìwé wọ̀nyẹn, owó fàdákà tàbí wúrà ni wọ́n sì ń béèrè. Ẹni tó jagun tún wá ń san owó fún ẹni tó ra iṣẹ́ ogun rẹ̀.

Ogun ọ̀fẹ́ ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin àtijọ́ ní kí ọkùnrin tó bá lágbára ra ìbọn àti ẹ̀tù tirẹ̀, kó jáde nígbà tí wọ́n bá pè é. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ náà ni ọmọ ogun. Ní Great Barrington, wọ́n kó nǹkan bí 1,000 ọmọ ogun ìlú wá láti dáàbò bo ilé-ẹjọ́. Wọ́n ní kí kálukú dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ọkàn rẹ̀ wà. Nǹkan bí 800 ló kọjá sọ́dọ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀!

Ìjọba àpapọ̀ ńkọ́? Wọ́n béèrè $530,000 lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ láti gba ọmọ ogun 1,340, wọ́n ní nítorí àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Íńdíà ni. Virginia nìkan ló san tirẹ̀.

Ni Ọ̀gágun Benjamin Lincoln, tó ń ṣojú ìjọba Massachusetts, bá lọ bá àwọn olówó Boston, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Ohun tó sọ fún wọn ni pé bí wọ́n bá fẹ́ kí ìyókù dúkìá wọn wà láìléwu, kí wọ́n yá ìjọba lára rẹ̀. Ó lé ní 125 oníṣòwò tó dáwó, ó sì lé ní £6,000. Gómìnà James Bowdoin mú £250 sílẹ̀. Owó yẹn ni wọ́n fi gba nǹkan bí 3,000 ọkùnrin fún ọgbọ̀n ọjọ́ péré. Ẹ má gbàgbé pé láàárín irú àwọn olówó bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí àgbẹ̀ jẹ ní gbèsè wà.

Kí Lincoln tó dé, William Shepard, ọ̀gágun ìpínlẹ̀ náà, àti nǹkan bí 1,200 ọmọ ogun ìlú ti wà ní ilé ìkóhun-ìjà-sí ní Springfield. Ti ìjọba àpapọ̀ ni ìbọn ibẹ̀. Ó béèrè àṣẹ, wọn ò fún un, ó sì kó o lò. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní, nǹkan bí 1,500 ọlọ̀tẹ̀ gba inú yìnyín wá. Ewé igi tútù wà lára fìlà wọn. Bébà funfun ni ti ọmọ ogun ìjọba, nítorí aṣọ ilé kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Shepard yin àgbá lù wọ́n. Mẹ́rin kú, ogún fara gbọgbẹ́, àwọn yòókù fẹsẹ̀ fẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 4 oṣù kejì, lẹ́yìn tí Lincoln ti rin gbogbo òru nínú ìjì yìnyín, ó ká wọn mọ́ Petersham.

Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ gbà láti dá owó àwọn oníṣòwò padà. Lóṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, àwọn aṣojú pàdé ní Philadelphia. Òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ níbẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀ lágbára láti gba owó orí fúnra rẹ̀, láti pe ọmọ ogun ìlú jáde nígbà ọ̀tẹ̀, kó sì ṣètò bí wọ́n á ṣe dìhámọ́ra. Síbẹ̀, òfin ọdún 1792 ṣì ní kí kálukú ra ìbọn, òkúta ìṣáná méjì fún ìbọn náà àti àpò tó gba ọta 24, kó sì fi owó ara rẹ̀ rà á. Ọdún 1808 ni ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya $200,000 sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti fi ra ohun ìjà fún àwọn ọmọ ogun ìlú.