Ìtọ̀ Ọmọ, Làálì Ìyàwó, Àdúrà Òkú: Àwọn Uzbek àti Àwọn ará Tọ́kì

Nítorí pé Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn Uzbek, ìyẹn ẹ̀yà kan ní àárín gbùngbùn Éṣíà, àti àwọn ará Tọ́kì, tí èdè wọn sì bára tan, àwọn èèyàn máa ń rò pé àṣà kan náà ni wọ́n ń dá. Lóòótọ́, àwọn méjèèjì máa ń fi ogójì ọjọ́ ṣọ́ abiyamọ àti ìkókó. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ọmọ ni wọ́n ti pínyà.

Òbí abiyamọ ló máa ń gbé beshik, ìyẹn ibùsùn onígi tó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, wá fún ọmọ Uzbek. Ihò wà láàrin rẹ̀. Wọ́n á fi sumak, páìpù igi kékeré, sí ojú ibi tí ọmọ ti ń tọ̀. Ti ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin. Ìtọ̀ á gba inú rẹ̀ bọ́ sínú ìkòkò nísàlẹ̀, bí páànù ṣe ń darí omi òjò sínú àmù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ọ̀já fífẹ̀ di tọwọ́tẹsẹ̀ ọmọ: bó bá yíra padà, páìpù á yẹ̀, ibùsùn á sì rin gbingbin. Ẹni tó rí fọ́tò rẹ̀ á ní wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ. Ìyà kọ́! Ìyá tiẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lé e lórí fún un lọ́mú láìtú u. Àbùkù ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá na ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n sì dì í pẹ́ jù, egungun ìbàdí lè yẹ̀.

Láyé àtijọ́, iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń jọ̀ ní àwọn abúlé Anatolia ní Tọ́kì. Wọ́n á yá a níná, wọ́n á tẹ́ ẹ sábẹ́ ọmọ, á fa ìtọ̀ mu. Höllük lorúkọ rẹ̀, kí pampers tó dé.

Ti ìgbéyàwó kò le. Ìyàwó Tọ́kì á bu iyọ̀ sí kọfí ọkọ àfẹ́sọ́nà. Lálẹ́ ọjọ́ làálì, kò ní la ọwọ́ àfi tí ìyá ọkọ bá fi owó wúrà sí i. Àwọn Uzbek ń bu búrẹ́dì pẹlẹbẹ sí méjì láti fi fìdí àdéhùn múlẹ̀. Ìnáwó wọn ló kọjá àlà, débi tí ìjọba fi fòfin dín iye àlejò kù ní 2019.

Tí èèyàn bá kú ní Tọ́kì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí ni ìmáàmù ti máa ń bi ìjọ pé: “Irú èèyàn wo lẹ mọ̀ ọ́n sí?” Wọ́n á ní: “Èèyàn rere ni.” “Ṣé ẹ yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yín tó wà lọ́rùn rẹ̀?” “A yọ̀ǹda.” Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ pé rárá níbẹ̀? Ẹni tí inú ń bí á kúkú jókòó sílé.