Ibi tí àyẹ̀wò oògùn ọlọ́dọọdún ti ṣẹ̀ wá

Bí aláìsàn bá mú paracetamol tó ti là sí méjì nínú páálí padà wá sí ilé oògùn ní Lántóró tàbí Ìdí-Àba l'Ábẹ́òkúta, nọ́ńbà batch, ìyẹn àkójọ hóró tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ló yẹ kí apoògùn kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe oògùn náà nílò rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yẹ gbogbo iṣẹ́ ọdún wò. Ikú ènìyàn ló bí àyẹ̀wò yìí.

Ní 1937, wọ́n fi diethylene glycol, omi olóró kan, po oògùn olómi kan ní Amẹ́ríkà, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Òfin tuntun jáde ní 1938. Ní 1941, phenobarbital, oògùn oorun, wọnú hóró sulfathiazole, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn. Àwọn tó kú àtàwọn tó ṣèṣe sún mọ́ 300. Ibẹ̀ ló ti hàn pé ó yẹ kí ìjọba wo bí wọ́n ṣe ń ṣe oògùn, kì í ṣe ọjà tó ti parí nìkan. Ìlànà àkọ́kọ́ lórí iṣẹ́ ṣíṣe jáde ní 1963. Ní 1976, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, dábàá pé kí ilé-iṣẹ́ máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí òun. Àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ ọ́. Ohun tó wá wọ òfin ní 1978, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta 1979, ni pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà fúnra wọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí àkọsílẹ̀ sì wà nílẹ̀.

Àwa náà sunkún tiwa. Ní 1990, omi oògùn paracetamol tó ní diethylene glycol pa ọmọ tó lé ní 100 ní Ìbàdàn àti Jos. Ní 1993 ni òfin dá NAFDAC sílẹ̀. Ìdí nìyí tí èròjà, pàápàá èyí tó wá láti ọwọ́ ẹni tuntun, fi gbọ́dọ̀ wà nínú àyẹ̀wò náà.

Ẹ jẹ́ ká wo paracetamol 500 mílígíráàmù, tí ààlà ìwọ̀n oògùn inú hóró rẹ̀ jẹ́ 475 sí 525. Ká ní batch oṣù kìíní jẹ́ 508, ti oṣù kẹrin 499, ti oṣù keje 489, ti oṣù kẹwàá 479. Gbogbo wọn ló yege. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, yóò fún wọn ní nǹkan bíi 494, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Àṣìṣe ńlá nìyẹn! Ẹ tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn: oògùn ń rẹlẹ̀, batch tó kàn lè já sísàlẹ̀ ààlà. Ó lè jẹ́ pé pípò kò dọ́gba mọ́, tàbí pé irin ìtẹ̀ ti jẹ. Àwọn mìíràn a tún yọ batch tí wọ́n ti dà nù kúrò nínú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lẹ̀kọ́ wà.

Bákan náà ni hóró tó là yẹn. Lásìkò ọyẹ́, èròjà lè gbẹ jù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, orí hóró á sì ṣí bí ìdérí. Ṣùgbọ́n bí ilé oògùn l'Ábẹ́òkúta kò bá kọ nọ́ńbà batch, ilé-iṣẹ́ kò ní mọ oṣù tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ ọ́, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á àti ibi tí ẹ kó o pamọ́ sí, kí ẹ sì jẹ́ kí hóró náà wà nínú páálí rẹ̀.