Ìdérí Agolo, Òpó àti Ṣéènì: Bí Disc Golf Ṣe Ṣẹ̀

Ọmọ tó bá dàgbà ní ilẹ̀ Okun, ì báà ṣe Kàbà tàbí Mọ̀pà, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀, yóò ti ju ìdérí agolo rí. Bí mílíìkì bá ti tán nílé, tiwa ni ìdérí. A ó dì í mú létí, a ó fi ọrùn ọwọ́ yí i, a ó rán an sí igi mángòrò ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bà á ló jẹ. A kò sọ eré náà lórúkọ. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn gan-an nígbà tí mo mọ̀ pé ọwọ́ ọmọdé àti ìdérí agolo ni disc golf ti jáde.

Gọ́ọ̀fù ni, àmọ́ kò sí bọ́ọ̀lù, kò sí ọ̀pá. Àwo pẹlẹbẹ oníke ni à ń jù. Ibi tó bá balẹ̀ sí, níbẹ̀ la ó ti tún un jù, títí yóò fi bọ́ sínú agbọ̀n onírin. Agbọ̀n 9 tàbí 18 ló máa ń wà, ẹni tí ìjù rẹ̀ bá kéré jù ló borí. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà ló ní pápá rẹ̀ nínú ọgbà wọn, nítorí àwọn igi tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ìdíwọ́ tó ń mú eré dùn. Kò sí pé à ń tẹ́ koríko bí ẹní fún un.

Ní 1926, ní Bladworth, ìlú kékeré kan ní Saskatchewan ní Kánádà, Ronald Gibson àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fa àyíká róbótó sórí iyanrìn ọgbà ilé-ìwé wọn. Ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4. Ìdérí agolo ni wọ́n ń jù sínú rẹ̀, wọ́n sì pè é ní Tin Lid Golf. (Kánádà kì í ṣe orúkọ àjèjì ní Yàgbà: ibẹ̀ ni míṣọ́nnárì Tommy Titcombe ti wá sí Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908.) Àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n túká, eré náà sì sùn. Lójú tèmi, àwọn ló ni ín.

Ìdérí agolo náà ló tún jí i, ti gúgúrú lọ́tẹ̀ yìí. Fred Morrison àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ń jù ú síra wọn ní 1937. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń ju páànù àkàrà òyìnbó ní etíkun ní California, ni ẹnìkan bá ní òun fẹ́ fi sẹ́ńtì 25 rà á. Sẹ́ńtì 5 péré ni wọ́n ń tà á lọ́jà. Morrison rí i pé owó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣe oníke, ilé-iṣẹ́ ohun ìṣeré Wham-O sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1957. Ọdún yẹn náà ni wọ́n sọ ọ́ ní Frisbee.

Ní 1965, George Sappenfield ní kí àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀ ní California máa fi Frisbee ta gọ́ọ̀fù. Àmọ́ Ed Headrick, òṣìṣẹ́ Wham-O tí wọ́n ń pè ní Steady Ed, ló fún eré náà ní ilé. Ní 1975, ó ṣe pápá sí Oak Grove Park ní California, òun sì ni pápá àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe láti wà níbẹ̀ títí. Òpó lásán ni wọ́n rì mọ́lẹ̀. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Àwo á fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ẹnìkan á ní ó bà á, èkejì á ní kò bà á rárá.

Ohun tí Headrick fi parí ìjà náà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ó so ṣéènì rọ̀ yí òpó ká, ó gbé agbọ̀n sábẹ́ rẹ̀. Àwo tó ń bọ̀ ń yí bí òkòtó. Bó bá kọlu irin líle, yóò ta padà. Ṣéènì kì í le koko mọ́ ọn. Á fà sẹ́yìn, á gba agbára rẹ̀, àwo á sì jábọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ sínú agbọ̀n. Etí gbogbo ènìyàn á sì gbọ́. Headrick dá PDGA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta disc golf, sílẹ̀ ní 1976, ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí agbọ̀n náà ní 1977. Nígbà tó kú ní 2002, wọ́n po eérú ara rẹ̀ mọ́ ike, wọ́n fi ṣe àwo. Níbi tiwa, ilẹ̀ baba ẹni ni àgbà ń sùn sí. Òun yàn láti máa fò.

Nígbà tí èmi àti àwọn àbúrò mi dán an wò nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Kàbà, igi kajú ni òpó wa. Ọyẹ́ ń fẹ́, ó ń gbé àwo kúrò lọ́nà, kò sì pẹ́ tí tiwa náà fi dé: "Ó bà á!" "Kò bà á!" Lọ́jọ́ kejì, a gbé agbọ̀n tí wọ́n fi ń ṣa kajú sídìí igi kan, a fi wáyà so ìdérí ìgò mínírà rọ̀ lókè rẹ̀.

Bàbá tó ń ṣọ́ ọgbà dúró wò wá títí.

"Okun o, ẹ̀yin ọmọ. Kí lẹ ń wá?"

"Okun o, bàbá. A ò wá nǹkan kan, sà, eré là ń ṣe. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò."

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti igi, ó gba àwo lọ́wọ́ mi, ó dì í mú létí bí a ṣe ń di ìdérí agolo mú nígbà èwe. Àwo lọ, àwọn ìdérí mínírà dún ṣáwọrọ, kò sì sẹ́ni tó jiyàn.