Ìtàn mérìíyìírí kúkúrú àti ewì tó ti inú àlọ́ àti ìtàn ìwáṣẹ̀ jáde ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ìtàn mérìíyìírí kúkúrú ni ìtàn àròsọ tí kò gùn, tí ohun tó kọjá òye ojoojúmọ́ sì ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀: igi ń bá èèyàn ṣe àdéhùn, ẹranko ń bọ́ awọ sílẹ̀ di obìnrin arẹwà, òkú ń ná ọjà. Ewì tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìlà díẹ̀. Inú àlọ́ àti ìtàn ìwáṣẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé ti sábà ń fa méjèèjì yọ. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1976 tí Àkúrẹ́ sì jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, àlọ́ pọ̀, ìtàn ìwáṣẹ̀ náà pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìtàn ọ̀hún ló sì ní àpáta, odò tàbí igbó tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé. Òkè-Igbó, ìlú D. O. Fágúnwà, wà ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà.

Ní ti gígùn, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé tó ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ Nebula ní Amẹ́ríkà ka ìtàn tí kò tó 7,500 ọ̀rọ̀ sí ìtàn kúkúrú. Àwọn kan tún ń kọ èyí tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò ju 1,000 ọ̀rọ̀ lọ, ìyẹn ìwọ̀n àlọ́ kan tí ìyá àgbà lè pa tán kí oorun tó gbé àwọn ọmọ lọ.

Ààlà àlọ́ àti ìtàn

Yorùbá kì í pa àlọ́ pọ̀ mọ́ ìtàn. Bí apàlọ́ bá ti ké "Ààlọ́ o!" tí àwọn olùgbọ́ sì dáhùn "Ààlọ̀!", gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ti gbà pé Ìjàpá lè yá ìyẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ kó sì fò lọ síbi àsè. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé ọdún wo ló ṣẹlẹ̀. Ní ìparí, apàlọ́ á ní bí òun bá purọ́, kí agogo ẹnu òun má ró, á sì fọwọ́ lu ẹnu rẹ̀ pó, pó, pó. Eré ni ìbúra yìí, gbogbo wọn ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìtàn ìwáṣẹ̀ kì í ṣe eré. Ní Àkúrẹ́, ìtàn sọ pé Ọmọrẹ̀mílẹ́kún tí wọ́n ń pè ní Aṣọdẹbóyèdé, ọmọ ìdílé Odùduwà, ló dọdẹ dé ibi tí ìlú náà wà, tó sì tẹ̀ ẹ́ dó. Orí ìtàn yẹn ni oyè Déjì dúró lé. Ní ìlú Oǹdó, Púpùpú ni wọ́n ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí Ọ̀ṣemàwé, ìyẹn ọba ìlú náà, àkọ́kọ́. Obìnrin ni, ìbejì sì ni, nígbà tí wọ́n ka ìbejì sí èèmọ̀ tí wọ́n ń lé jáde láàfin. Àwọn kan ní Ifẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti gbé e jáde, àwọn mìíràn ní Ọ̀yọ́ ni. Títí di òní, ìlú Oǹdó ní Lóbùn, ìjòyè obìnrin tó ń kópa nínú ìfijoyè Ọ̀ṣemàwé. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, Ayélála, ẹrúbìnrin tí wọ́n fi ṣe ètùtù láti parí ìjà Ìlàjẹ àti Ìjọ̀, di òrìṣà tí àwọn èèyàn ṣì ń bẹ̀rù láti fi búra èké.

Ohun tó mú iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé agbègbè yìí yàtọ̀ nìyí. Charles Perrault kó àlọ́ ilẹ̀ Faransé jọ ní ọdún 1697. Àwọn Grimm gbé ìwé àkọ́kọ́ tiwọn jáde ní Jámánì ní ọdún 1812. Ẹni tó bá yí ìtàn wọn padà lónìí kò bí ọba kankan nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ Púpùpú di awakọ̀ òfuurufú nínú ìtàn àròsọ ti fọwọ́ kan ohun tí ìlú kan fi ń jẹ oyè. Kì í ṣe pé kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Àmọ́ ó ní láti mọ̀ pé àwọn òǹkàwé kan máa wá jiyàn lórí rẹ̀ bí ẹni ń jiyàn ilẹ̀, wọn kì í sì í jiyàn Ìjàpá bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀nsẹ̀n

Nínú gbogbo ìtàn ìpínlẹ̀ náà, ti Ọ̀rọ̀nsẹ̀n ní Ọ̀wọ̀ ló sún mọ́ ìtàn mérìíyìírí jù lọ. Olorì ni í ṣe fún Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹjẹn, kì í sì í ṣe èèyàn lásán. Ó fẹ́ ọba, ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀, ó sì ka èèwọ̀ mẹ́ta fún un: wọn kò gbọ́dọ̀ lọ ilá níwájú òun, wọn kò gbọ́dọ̀ da omi sí àgbàlá, ẹni tó bá ti oko igi dé kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹrù igi sílẹ̀ lójú òun. Nígbà tí ọba kò sí nílé, àwọn orogún rẹ̀ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀nsẹ̀n bínú, ó sá wọ igbó, wọ́n lé e títí, kò padà mọ́. Ohun tó já bọ́ lára rẹ̀ lójú ọ̀nà di ohun ìrántí.

Ọdún Igogo ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló sì máa ń gbà. Wọn kì í lu ìlù ní gbogbo àkókò náà, agogo ni wọ́n ń lù. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè, wọn kì í sì í yin ìbọn. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ á dirun bí obìnrin, á sì jó yí ìlú ká nínú ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Ní Igbó Lájà, ibi tí ìtàn rẹ̀ so mọ́, awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní ọdún 1971, ó sì rí àwọn ère amọ̀ tí wọ́n kà sí iṣẹ́ nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún.

Fún òǹkọ̀wé, èèwọ̀ ni ẹ̀mí ìtàn yìí. Bí wọ́n bá ti kà á, òǹkàwé ti mọ̀ pé ẹnì kan máa rú u. Ohun tó kù ni ẹni tó máa rú u àti ìdí tí yóò fi rú u. Perrault náà ní irú rẹ̀: ọkọ kó kọ́kọ́rọ́ ilé lé ìyàwó lọ́wọ́, ó ní kó má ṣí yàrá kan. Ní ọdún 1979, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Angela Carter tún ìtàn yẹn kọ nínú The Bloody Chamber láti ẹnu ìyàwó náà, ó sì fi hàn pé ẹni tó ń sọ ìtàn lè yí ìdájọ́ padà. Ọ̀nà kan náà ṣí sílẹ̀ nínú ti Ọ̀wọ̀. Kí ni àwọn orogún ń jẹ nígbà tí ilá di èèwọ̀? Ta ló ń gbé omi ìdọ̀tí gba ẹ̀yìn ilé lọ lójoojúmọ́? Ìtàn ẹnu kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ inú ààfin. Ìtàn kúkúrú tí orogún kan ń sọ, tó gbà pé òun lọ ilá náà tó sì sọ ìdí rẹ̀, lè dùn ju èyí tó kàn tún gbogbo ẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òkè Ìdànrè

Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1933. Ìlú àtijọ́ náà, Ufẹ̀ Òkè, ṣì wà lókè pẹ̀lú ààfin àtijọ́, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹsẹ̀ Àgbóògùn wà níbẹ̀: ojú ẹsẹ̀ kan lórí àpáta tí wọ́n ní ó máa ń ba ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu, ọmọdé tàbí àgbà, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Láti ọdún 2007 ni òkè náà ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé.

Wọlé Ṣóyínká ló kọ ewì tó lókìkí jù lórí ibẹ̀. Ó kọ ọ́ fún ayẹyẹ iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ní ọdún 1965, ó sì jáde nínú Idanre and Other Poems ní ọdún 1967. Ògún, àrá àti òru orí àpáta ni ó dá lé. Ewì náà gùn. Àwọn kúkúrú tó wà nínú ìwé kan náà, pàápàá èyí tí àbíkú fúnra rẹ̀ ń fọ́nnu nínú rẹ̀, ló jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára jù fún ewì mérìíyìírí: òkú ọmọ ni agbọ̀rọ̀sọ, ìyá rẹ̀ kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ. Níyì Ọ̀ṣúndáre ṣe ohun tó jọ èyí pẹ̀lú àpáta Olósùnta ti Ìkẹ́rẹ́ nínú The Eye of the Earth ní ọdún 1986. Nígbà yẹn, Ìkẹ́rẹ́ ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọdún 1996 ni Èkìtì tó dá dúró.

Fágúnwà ti Òkè-Igbó

Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, olùkọ́ tí wọ́n bí ní ọdún 1903, gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀ lé e ní ọdún 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní ọdún 1954, Àdììtú Olódùmarè sì ní ọdún 1961. Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Ṣóyínká túmọ̀ ìwé àkọ́kọ́ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968.

Ìwé gígùn ni àwọn wọ̀nyí, síbẹ̀ a kò lè fo wọ́n bí a bá ń sọ nípa ìtàn kúkúrú. Bí èèyàn bá tú ìrìn-àjò Àkàrà-ògùn, ọdẹ inú ìwé àkọ́kọ́, ká, ìtàn kéékèèké ló máa bá nínú rẹ̀: ìpàdé pẹ̀lú iwin Agbáko ní ìbẹ̀rẹ̀, ìjà àti òpin tirẹ̀, ẹni tó kà á nìkan kò sì ní sọ pé kò kún. Fágúnwà kò fi ara rẹ̀ mọ sí àlọ́ Yorùbá. Àwọn olùtúpalẹ̀ ti tọ́ka sí Bíbélì, ìtàn ìrìn-àjò onígbàgbọ́ ti Bunyan àti ìtàn àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìwàásù rẹ̀ máa ń gùn nígbà mìíràn, ó sì lè sú òǹkàwé òde òní. Àpèjúwe iwin rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì borí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, nígbà tí ikú rẹ̀ ń pé àádọ́ta ọdún, àwọn onímọ̀ pàdé ní Àkúrẹ́ láti jíròrò iṣẹ́ rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí

Orin ni ọ̀pá ìdábùú àlọ́ àpagbè. Ẹni tó bá gbọ́ orin Olúrónbí nìkan ti mọ̀ pé àwọn yòókù jẹ́jẹ̀ẹ́ ẹran fún Ìrókò, pé òun nìkan ló jẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọ. Nínú ìtàn kíkọ, orin tó ń padà wá lẹ́ẹ̀mẹta, tí ọ̀rọ̀ kan ń yí padà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lè gba ipò ojú-ewé márùn-ún àlàyé. Adébóyè Babalọlá kó irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ jọ pẹ̀lú orin wọn nínú Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá ní ọdún 1973.

Ẹsẹ Ifá ni àwòṣe kejì. Onímọ̀ Ifá Wándé Abímbọ́lá pín in sí ìpín mẹ́jọ: orúkọ awo, ẹni tí wọ́n dá Ifá fún, ohun tó gbé e lọ, ohun tí wọ́n ní kó ṣe, bóyá ó ṣe é, àbájáde, bí inú rẹ̀ ṣe rí, àti ìkádìí. Ìtàn kúkúrú odindi ni èyí. Àwọn òǹkọ̀wé ewì sábà ń mú "a dífá fún" nìkan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ apá tó lágbára jù ni ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá ẹni náà rú ẹbọ tàbí ó kọ etí ikún.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè náà wà níbẹ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní "gh" tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ fi ń pe ìlú wọn ní Ọ̀ghọ̀, kò sì fi fáwẹ́lì "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí ti Ufẹ̀ Òkè. Òǹkọ̀wé tó fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá ka iṣẹ́ òun lè kọ ìtàn ní àjùmọ̀lò, kó fi orin àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn iwin sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè ìlú wọn. Èyí bá ìtàn mu: kò sí ìdí tí iwin Ìdànrè yóò fi máa sọ̀rọ̀ bí akéde rédíò.

Ìtẹ̀jáde

Ní Áfíríkà, ìwé-ìròyìn Omenana, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2014, ń gbé ìtàn mérìíyìírí kúkúrú jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmì-ẹ̀yẹ Nommo, tí wọ́n kọ́kọ́ fún èèyàn ní ọdún 2017, ní ìsọ̀rí tirẹ̀ fún ìtàn kúkúrú. Fún ewì, àmì-ẹ̀yẹ Rhysling ti wà láti ọdún 1978 ní Amẹ́ríkà, ó sì ya ewì kúkúrú sọ́tọ̀ sí gígùn. Òǹkọ̀wé Nnedi Okorafor dá orúkọ africanjujuism sílẹ̀ fún irú ìtàn tó ka àwọn òrìṣà àti ẹ̀mí ilẹ̀ Áfíríkà sí òótọ́ ayé inú rẹ̀, tí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọ̀nyí.

Ti èdè Yorùbá, orí Facebook àti WhatsApp ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, láìsí àmì ohùn lọ́pọ̀ ìgbà. Ìtàn lè fara dà á. Ewì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni òǹkọ̀wé fi ń tò ó, bí wọ́n bá sì yọ àmì kúrò, ìlù ewì náà ti já. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ka tiwọn sínú fóònù, tí wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ dípò kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.