Kòtò Giordano Bruno ti wà lára òṣùpá ká tó dáyé

Ìtàn tó ní ọdún 1178 ni kòtò yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sára òṣùpá dùn ún gbọ́, mi ò sì bá ẹni tó gbà á gbọ́ wí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Okúdù, ọdún 1178, àwọn ọkùnrin bíi márùn-ún ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wo oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Lójijì, ìwo òkè oṣù náà là sí méjì, iná àti ẹyin iná ń ta jáde láàárín rẹ̀, òṣùpá fúnra rẹ̀ sì ń lọ́ bí ejò tí wọ́n ṣá lọ́gbẹ́. Gervase, mọ́ǹkì (ọkùnrin tó fi ayé rẹ̀ jìn fún ìsìn Ọlọ́run) ní ìlú Canterbury, gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800 ọdún lẹ́yìn náà, ní 1976, kí Jack Hartung, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, tó sọ pé òkúta ńlá kan ló já lu òṣùpá lálẹ́ ọjọ́ náà, pé kòtò Giordano Bruno sì ni ojú àpá rẹ̀. Àbá náà fara jọ òótọ́. Ẹ̀yìn òṣùpá ni kòtò náà wà, níhà tí kì í kọjú sí wa, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ etí débi pé iná tó bá bẹ́ níbẹ̀ lè yọ sókè kí ará ayé rí i. (Ẹ̀yìn òṣùpá kì í ṣe ibi òkùnkùn bí wọ́n ṣe máa ń sọ o. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ẹ̀yìn ọ̀hún gan-an ni oòrùn ń ràn sí jù.) Kòtò náà ò tóbi, bíi kìlómítà 22 ni fífẹ̀ rẹ̀, àmọ́ eruku funfun tó ta láti inú rẹ̀ ṣì ń tàn. Ilẹ̀ òṣùpá a máa dúdú sí i bó bá ṣe ń pẹ́ lójú oòrùn, nítorí náà ohun tó bá ṣì funfun, tuntun ni.

Ọ̀rọ̀ "tuntun" yìí ló ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Nígbà tí Kaguya, ọkọ̀ tí ilẹ̀ Japan rán lọ sí òṣùpá, ya àwòrán ibẹ̀, àwọn onímọ̀ ka ihò wẹ́wẹ́ tó ti dá sórí eruku náà, bí ẹni ń ka ojú ẹ̀kán òjò lórí ilẹ̀ gbígbẹ: bí òjò bá ṣe pẹ́ tó ni ojú ẹ̀kán ń pọ̀ tó. Ohun tí wọ́n rí, tí wọ́n gbé jáde ní 2009, ni pé ọjọ́ orí kòtò náà wà láàárín mílíọ̀nù ọdún 1 sí 10.

Kó tó dìgbà yẹn, ní 2001, Paul Withers, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ní Yunifásítì Arizona, ti béèrè ohun tó yẹ kí gbogbo wa béèrè: òkúta tó fọ́n jáde ńkọ́? Ó ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 tọ́ọ̀nù ni ì bá rọ̀ sílé ayé, ìràwọ̀ ì bá sì máa já bí òjò fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ará Ṣáínà, Kòríà àti Lárúbáwá ń ṣọ́ ojú ọ̀run nígbà náà, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ òjò ìràwọ̀ kankan.

Ó jọ pé ìràwọ̀ kan ló já nínú afẹ́fẹ́ ayé níbí, tó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin yẹn, tí òṣùpá sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá dúró sí ìlú mìíràn lálẹ́ ọjọ́ náà á kàn rí ìràwọ̀ tó já ní ẹ̀gbẹ́ òṣùpá ni, kò sì ní rí nǹkan kan tó yẹ kó lọ ròyìn fún mọ́ǹkì.