Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù títí, wọ́n sì tún pàdánù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Adó-Èkìtì, ẹgbẹ́ kan á di bọ́ọ̀lù mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á tún pàdánù. Kí ló ń fà á?

Ìdáhùn: Àbúrò, góòlù ni rẹfirí ń kà. Níbi ife àgbáyé ní Qatar lọ́dún 2022, Sípéènì gbá bọ́ọ̀lù fún ara wọn ju ìgbà 1,000 lọ níwájú Mòrókò, ọ̀kan ò wọlé. Pẹ́náńtì ni Mòrókò fi lé wọn lọ sílé, 3-0. Ṣáájú ìyẹn, Jàpáànì ti nà wọ́n 2-1, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù ò sí lẹ́sẹ̀ Jàpáànì tó ìdá kan nínú márùn-ún àkókò náà.

Ìdí rẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń bọ̀ lósì, kò yára. Kó tó débì kan, àwọn tó kó ara wọn jọ síwájú ilé ti sún dí àyè náà.

Ìbéèrè: Ṣé kò wúlò nìyẹn?

Ìdáhùn: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìlànà yìí náà ni Sípéènì fi gba ife àgbáyé ní 2010. Góòlù 8 péré ni wọ́n gbá wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7. 2 péré ló wọ ilé tiwọn. Àwọn èèyàn ń pè é ní ìkọlù, àmọ́ lójú tèmi, ìdáàbòbò ni: alátakò tí kò rí bọ́ọ̀lù kò lè gbá a wọlé. Ó sì máa ń tán wọn lókun. Ìṣẹ́jú 116 ni Iniesta, agbábọ́ọ̀lù Sípéènì, tó gbá tiẹ̀ wọlé Nẹ́dálándì ní àṣekágbá.

Ìbéèrè: Ibo ni ewu rẹ̀ wà?

Ìdáhùn: Ìgbà tí alátakò bá já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn ẹlẹ́yìn ti gòkè dé àárín pápá, ẹ̀yìn wọn ṣófo. Bọ́ọ̀lù gígùn kan àti ọmọ tó lè sáré, ó parí. Ìdí nìyí tí Guardiola, nígbà tó jẹ́ kóòṣì Barcelona, fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé bó bá ti já, kí wọ́n dòòyì ká ẹni tó gbà á lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn ọmọ wa ńkọ́, lórí pápá eléruku?

Ìdáhùn: Bọ́ọ̀lù á kọlu òkúta, á fò sí ojúgun. Kí aṣọ́lé gbá a jìnnà níbẹ̀. Tí wọ́n bá dé ìlàjì pápá alátakò, kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e fún ara wọn. Bó bá já níbẹ̀, ilé tiwọn ṣì jìnnà.